Ìwo Ni Àńtẹ́nà: Àyẹ̀wò Díìṣì Orí Òrùlé Ìbàdàn Àtijọ́

Téèyàn bá dúró lórí òkè Màpó, tó wo ìsàlẹ̀ sí Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti Bẹ́yẹrúnkà, páànù tó ti dípẹtà ni yóò kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ni díìṣì tó wà lórí ọ̀pọ̀ wọn. Àwo yìí ni aráàlú ń pè ní àńtẹ́nà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ àwo kò ju kó kó ìgbì jọ, kó darí rẹ̀ síbì kan. Ìwo kékeré tó wà ní ẹnu LNB, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ìgbì tí àwo darí, lórí apá tó yọ síwájú, ni àńtẹ́nà gan-an. Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ díìṣì ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ìgbì rédíò bá ń gba inú páìpù irin, tí páìpù náà sì parí lójijì, apá kan nínú agbára rẹ̀ yóò ta padà, torí pé ìrìn rẹ̀ nínú irin yàtọ̀ sí ìrìn rẹ̀ nínú òfurufú. Ṣùgbọ́n tí ẹnu páìpù bá ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìgbì yóò wọlé tàbí jáde láìsí wàhálà. Ìdí kan náà ni ẹnu kàkàkí ṣe fẹ̀. Bí ẹnu ìwo bá sì ṣe fẹ̀ tó ni ojú tó fi ń wò ṣe ń há sí.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Jagadish Chandra Bose ti Kòlkátà ti lo irú ìwo bẹ́ẹ̀ kí ọ̀rúndún 19 tó parí. Ní 1964, ìwo ńlá kan tó wà ní Holmdel, ní New Jersey, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 6, mú ariwo kan tó ń wá láti gbogbo ojú ọ̀run. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń lò ó, Arno Penzias àti Robert Wilson, lé ẹyẹlé kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì gbá ìgbẹ́ ẹyẹlé náà dànù, síbẹ̀ ariwo náà kò lọ. Ooru tó ṣẹ́kù láti ìbẹ̀rẹ̀ àgbáyé ni. Àwárí yìí gba Ẹ̀bùn Nobel fún wọn ní 1978. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè gbára lé ìwo náà ni pé díẹ̀ ni ìgbì tó ń gbà láti ẹ̀gbẹ́ àti láti ilẹ̀.

Ẹlòmíràn lè sọ pé àwo tó tóbi ló ń mú àwòrán dára. Òótọ́ ni pé ó ń kó ìgbì púpọ̀ jọ. Àmọ́ bí ojú tí ìwo fi ń wò bá fẹ̀ ju àwo lọ, yóò máa gba ooru ilẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá há jù, etí àwo di asán.

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 31 Oṣù Kẹwàá 1959, mítà ni wọ́n fi ń wọn gígùn ìgbì rẹ̀. Ìwo tó máa gba irú ìgbì bẹ́ẹ̀ kò ní ṣe é gbé sórí òrùlé, ìyẹn ni àwọn ilé fi lo àńtẹ́nà onírin tẹ́ẹ́rẹ́. Ìgbì DStv òde òní kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ. Ìwo rẹ̀ gba ọwọ́, ṣùgbọ́n òjò ńlá tètè máa ń dí irú ìgbì kúkúrú bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Téèyàn bá yẹ LNB wò dáadáa, yóò rí òrùka bíi mélòó kan yí ẹnu rẹ̀ ká, àti ọ̀rá líle tó bò ó. Bí ọ̀rá yìí bá sán, omi á wọlé, kòkòrò á kọ́lé síbẹ̀, àwòrán á sì máa já. Kí ọ̀gá tó ń kọ́ni níṣẹ́ jẹ́ kí ọmọṣẹ́ kọ́kọ́ tú LNB tó ti kú, kó rí ibi tí ìgbì ń gbà wọlé, kó tó fún un ní sípánà láti yí àwo.