Wàhálà, Ìtagìrì, Másùnmáwo

Bí ọ̀rọ̀ stress bá ti yọjú lórí rédíò tàbí nínú ìwé ìlera, másùnmáwo la máa ń fi túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, ó sì ti fìdí múlẹ̀. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni mo ní sí i: ẹrù ẹni mẹ́ta la dì lé e lórí.

Hans Selye, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó sọ stress di ọ̀rọ̀ ìlera, fúnra rẹ̀ ló dá rúgúdù yìí sílẹ̀. Ní 1936, ní Montreal, ó kọ lẹ́tà kúkúrú sí ìwé ìròyìn Nature nípa àwọn eku tó fi òtútù, ọgbẹ́, iṣẹ́ àṣekúdórógbó àti májèlé dà láàmú. Èyíkéyìí tí ojú eku ì báà rí, ohun kan náà ló ń bá nínú wọn: ẹṣẹ́ tó jókòó lórí kíndìnrín wú, ẹṣẹ́ táímọ́ọ̀sì inú àyà súnkì, egbò sì yọ nínú ikùn. Nígbà tó yá ló yá ọ̀rọ̀ stress lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ físíìsì. Ó wá fi orúkọ ohun tó ń tẹ nǹkan pe ohun tí ara ń ṣe nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, ló bá di dandan kó tún dá stressor sílẹ̀ fún atẹni náà.

Àwa ò nílò irú ìyẹn, wàhálà ti wà nílẹ̀. Ìdánwò, owó ilé, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀: ìta ni gbogbo wọn ti ń wá bá èèyàn. Kí wàhálà dúró fún stressor, kí a má dá òmíràn.

Ohun tí ara ń ṣe ńkọ́? Walter Cannon ti Harvard kọ ìwé lé e ní 1915: adirẹnalíìnì á tú sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á máa lù kìkì, ẹ̀dọ̀ á tú ṣúgà sílẹ̀, oúnjẹ á dúró sójú kan nínú ikùn, kí onítọ̀hún lè jà tàbí kó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìtagìrì ni èmi ń pè é. Ẹni tí ejò yọ sí lójijì tí ara rẹ̀ ta gìrì, kò ní másùnmáwo rárá. Ara rẹ̀ ló pé. Tí a bá pe ìyẹn ní másùnmáwo, ìlera la sọ di àìsàn yẹn.

Ìgbà tí ìtagìrì bá dé tí kò lọ mọ́ ni másùnmáwo ń bẹ̀rẹ̀. Kọ́tísọ̀ọ̀lù, tó yẹ kó ga láàárọ̀ kó sì wálẹ̀ pátápátá lọ́gànjọ́ òru, lè má mọ àkókò mọ́, oorun á sì dá lójú ẹni. Ọ̀rọ̀ tó ti ní “má sùn” nínú kò tún nílò àlàyé níbẹ̀.

Orúkọ àwọn èròjà ò gbà mí lákòókò. Ẹ jẹ́ kí kọ́tísọ̀ọ̀lù máa jẹ́ kọ́tísọ̀ọ̀lù. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ìmọ̀lára, torí pé inú ara ni Yorùbá ń kó o sí: inú ń bí ni, inú ń dùn, àyà ń já. Ẹ wo orí wíwú. Tí a bá ki ẹnì kan ní oríkì ìdílé rẹ̀, orí rẹ̀ á wú. Tó bá dá gba ibi ẹ̀rù kọjá lóru, orí rẹ̀ á tún wú. Iṣan ara kan náà ló ń gbé irun dúró nígbà méjèèjì. Atúmọ̀ tó bá to orí wíwú sábẹ́ ìbẹ̀rù nìkan ti gé ọ̀rọ̀ náà sí méjì, ó sì ti sọ ìdajì nù.

Ní 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ní orí ń gbóná, nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, ìwé tí wọ́n ń kà ò sì wọlé. Brain fag ni wọ́n pè é. Àwọn oníṣègùn ti jiyàn gan-an lórí bóyá àìsàn ọ̀tọ̀ ni. Èyí tó kan atúmọ̀ ni pé tó bá sọ orí gbígbóná yẹn di orí fífọ́, panadó ni aláìsàn máa gbà lọ sílé. Nínú ìwé ìbéèrè ilé ìwòsàn, èmi ò ní kọ “Ṣé ẹ ní másùnmáwo?” Ohun tí màá kọ ni: “Ṣé ara yín máa ń ta gìrì nígbà tí wàhálà kankan ò sí nílẹ̀?”