Ẹni Méjì Níwájú Tẹlifíṣọ̀n Kan: Ìtàn Battle City àti Àwọn Àtúnṣe Rẹ̀, Láti Kàdúná

Àwọn tó ń kọ ìtàn géèmù orí ẹ̀rọ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti Tokyo tàbí Kalifọ́níà. Wọ́n á dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe géèmù, wọ́n á sọ ọdún tó jáde, ó parí. Ẹni tó bá ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní Kàdúná kò ní rí ara rẹ̀ níbẹ̀, torí ojúlówó kọ́ ló dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Ẹ wo Battle City, géèmù ọkọ̀ ogun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣe kékeré ní ìlú ńláńlá Nàìjíríà láàárín ọdún 1990 sí 2000 mọ̀ bí ẹní mowó. Àtúnṣe ni òun fúnra rẹ̀ nígbà tí ilé-iṣẹ́ Namco gbé e jáde ní Japan ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985, àdàkọ tí ẹnikẹ́ni kò gbàṣẹ rẹ̀ ló sì gbé e dé ilé wa. Mo gbà pé inú àtúnṣe àti àdàkọ yẹn gan-an ni ìtàn tiwa wà. Ohun tí Namco fi kún géèmù náà lọ́dún 1985, ìyẹn ẹnìkejì tó jókòó ti ẹni àkọ́kọ́ níwájú tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo, ló jẹ́ kó bá ìgbé ayé ìlú bíi Kàdúná mu. Òun náà ló sì yẹ ká fi díwọ̀n gbogbo àtúnṣe tuntun tí wọ́n ń ṣe sí i lónìí.

Lọ́dún 1980, Namco ṣe Tank Battalion, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ géèmù ńlá tí wọ́n máa ń gbé sí gbangba, tí èèyàn á ti owó ẹyọ bọ̀ kó tó lè ṣeré. Ojú kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ ìjà kì í sún, gbogbo ohun tó lè pa ọ́ lo sì ń rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọkọ̀ ogun rẹ wà nísàlẹ̀, ẹyẹ idì kan wà tí o ń ṣọ́, ogún ọkọ̀ ọ̀tá á sì máa ti òkè bọ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí ọta bá ba idì, eré parí. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n tún un ṣe ní Battle City fún Family Computer ti Nintendo, ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n inú ilé. Idì ṣì wà níbẹ̀, ogún ọ̀tá kò dín, ilẹ̀ ìjà kò sì sún. Àmọ́ ilẹ̀ náà di oríṣiríṣi: bíríkì tí ọta ń fọ́, irin tí ọta lásán kò ràn, igbó tí ọkọ̀ ń sá pamọ́ sí, yìnyín tó ń yọ̀, omi tí ọkọ̀ kò lè gbà kọjá ṣùgbọ́n tí ọta ń fò lórí rẹ̀. Ìpele di 35. Ọkọ̀ ọ̀tá kan á máa ṣẹ́jú pupa. Bí o bá yìnbọn lù ú, ẹ̀bùn á jáde, bóyá ìràwọ̀ tó ń fún ìbọn lágbára, bóyá aago tó ń dá gbogbo ọ̀tá dúró gbagidi, bóyá ṣọ́bìrì tó ń sọ bíríkì tó yí idì ká di irin fúngbà díẹ̀. Gbogbo ìyẹn dára, ṣùgbọ́n kò tó ohun kan tó kù: ọkọ̀ méjì, ọ̀kan láwọ̀ ìyeyè, ọ̀kan láwọ̀ ewé, jọ wà lójú ìjà lẹ́ẹ̀kan náà, idì kan ṣoṣo ni wọ́n sì jọ ń ṣọ́. Bí ọ̀kan bá ṣèèṣì yìnbọn lu ẹnìkejì rẹ̀, ẹnìkejì náà kò ní kú. Yóò kàn dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ọ̀tá á sì ráyè rẹ̀. Bí ọ̀kan bá fi ìwàǹwára yìnbọn lu idì ara wọn, àwọn méjèèjì ló pàdánù. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ̀ pé ibi idì yẹn ni ariwo ti máa ń sọ: ọ̀kan á ní kí èkejì má yìnbọn sápá ibẹ̀, èkejì á ní òun mọ ohun tí òun ń ṣe.

Namco kò tilẹ̀ tà á fún ẹ̀rọ Nintendo inú ilé ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti Nàìjíríà. Báwo ló ṣe wá dé ọ̀dọ̀ wa? Nígbà tí Nintendo gbé ẹ̀rọ yẹn lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1985, wọ́n fi ohun kékeré kan sínú rẹ̀ tó ń kọ kásẹ́ẹ̀tì tí kò bá gba àṣẹ wọn. Èyí tí wọ́n ti ń tà ní Japan láti ọdún 1983 kò ní irú aṣọ́nà bẹ́ẹ̀. Ti Japan yìí, tí eyín ẹnu kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ 60, ni àwọn aṣàdàkọ ní Taiwan àti China wá ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lóríṣiríṣi orúkọ, tí wọ́n sì ń kó o lọ sí Áfíríkà, Éṣíà àti Ìlà-Oòrùn Yúróòpù. Battle City tún kéré púpọ̀, kìlóbáìtì 24 péré ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn ló fi rọrùn láti kó òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì kan. Wọ́n á wá kọ 9999 sára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ géèmù tó wà nínú rẹ̀ kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ, orúkọ ni wọ́n ń pa dà. Àwọn aṣàdàkọ náà tilẹ̀ tún Battle City ṣe, wọ́n yí nǹkan díẹ̀ padà nínú rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Tank 1990. Àtúnṣe tí wọ́n tún tún ṣe ni ọ̀pọ̀ ọmọ kọ́kọ́ fojú rí, òun náà ni wọ́n sì ń pè ní géèmù àtijọ́ lónìí.

Àwọn kan á sọ pé olè ni gbogbo èyí, pé kò sí ìtàn kankan nínú olè. Ẹni tó ṣiṣẹ́ kò rí owó iṣẹ́ rẹ̀ gbà, mi ò ní pe ìyẹn ní dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí fíìmù ní apá Àríwá kan náà. Nínú ìwádìí tí Brian Larkin ṣe ní Kánò, tó gbé jáde lọ́dún 2004, ó fi hàn pé ọ̀nà tí àwọn aṣàdàkọ là fún fíìmù Íńdíà àti ti Amẹ́ríkà ni fíìmù Hausa gbà dé ọwọ́ àwọn tó ń wò ó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abdalla Uba Adamu náà ti ṣàlàyé dáadáa bí àwọn tó ń ṣe fíìmù Hausa ṣe ń mú ìtàn fíìmù Íńdíà, tí wọ́n ń tún un ṣe ní ti Hausa. Kàdúná kò gbẹ́yìn nínú iṣẹ́ yẹn, torí ibẹ̀ ni ìwé ìròyìn Fim, tí Ibrahim Sheme dá sílẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́dún 1999. Kí ló dé tí géèmù kò bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Ohun èlò ló fà á. Ẹni tó ní kámẹ́rà àti ẹ̀rọ fídíò méjì lè ṣe fíìmù, kó sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún títà. Ẹni tó ní kásẹ́ẹ̀tì géèmù kò lè kọ nǹkankan sínú rẹ̀. Ó ti di pa. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ṣí, lójú ewé àkọ́kọ́ Battle City, níbi tí wọ́n kọ CONSTRUCTION sí. Ẹni tó bá yan ibẹ̀ lè fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ilẹ̀ ìjà tirẹ̀: bíríkì síhìn-ín, omi sọ́hùn-ún, irin yí idì ká. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí géèmù náà lè tọ́jú rẹ̀ sí. Bí NEPA bá mú iná lọ, gbogbo iṣẹ́ náà ti lọ nìyẹn.

Kàdúná sì jẹ́ ìlú tí ẹ̀rọ kan fún ọ̀pọ̀ èèyàn bá mu. Ìlú tí ìjọba tẹ̀ dó ni, ó sì di olú-ìlú Àríwá lọ́dún 1917. Ọkọ̀ ojú irin, iṣẹ́ ọba àti òwò kó àwọn èèyàn ibi gbogbo jọ síbẹ̀, àwọn Yorùbá náà wà lára wọn. Radio-Television Kaduna bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1962, kò ju ọdún mélòó kan lọ lẹ́yìn ti Ìbàdàn. Ilé-iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ ní 1957, àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, títí Kakuri àti Makera fi di àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ òwú ní Japan wà lára àwọn tó fowó dá Arewa Textiles sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Èyí máa ń jọ mí lójú: ẹnu ọ̀nà iwájú ni aṣọ àwọn ará Japan gbà wọ Kàdúná, pẹ̀lú ìwé àdéhùn, ẹ̀yìnkùlé ni géèmù wọn gbà. Nígbà tí géèmù yẹn máa fi dé, agbára àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ ti ń dín kù, United Nigerian Textiles tó tóbi jù nínú wọn sì ti ilẹ̀kùn lọ́dún 2007. Ilé tí tẹlifíṣọ̀n kan wà fún gbogbo ará ilé, tí àwọn ọmọ aládùúgbò náà ń wá jókòó níwájú rẹ̀, kò nílò géèmù tí ẹnì kan á máa dá ṣe. Páàdì méjì ló wà lára ẹ̀rọ náà, ó sì yẹ kí méjèèjì ríṣẹ́ ṣe. Nígbà tí PlayStation wá gbòde, tí ilé géèmù ń gbowó lórí bọ́ọ̀lù, ẹni tó bá pàdánù ló ń dìde fún ẹlòmíì. Nínú Battle City, bí idì bá lọ, àwọn méjèèjì ló jọ dìde.

Àtakò kan wà tó wúwo ju ti olè lọ. Ṣé géèmù ogun ló yẹ ká máa yìn ní ìlú tó ti rí ogun gidi? Ìjà lórí òfin Sharia lọ́dún 2000 pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Kàdúná, òmíràn tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2002, òmíràn sì tún tẹ̀ lé ìdìbò ọdún 2011. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó lọ sí àríwá odò Kàdúná, ọ̀pọ̀ Kristẹni kó sí gúúsù, àwọn tí ilé wọn jọ pín ògiri kan náà rí sì di ará òdìkejì odò. Mi ò ní sọ pé géèmù kan lè tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe; ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń fi ẹ̀jẹ̀ èèyàn ṣeré. Ohun tí mo lè sọ kò tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ṣeé fi ọkàn tẹ̀. Géèmù yìí kò ní kí o gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni, ìṣọ́ ló fi lé ọ lọ́wọ́. Ọ̀tá inú rẹ̀ kò ní ẹ̀yà, kò ní ẹ̀sìn, kò ní orúkọ. Ẹnìkan ṣoṣo tó ní orúkọ ni ẹni tó jókòó tì ọ́, ọta rẹ kò sì lè pa á. Bí àwọn ọmọ kò bá lè jókòó pọ̀ mọ́ torí odò ti pín wọn, yóò dára kí ohun kan ṣì wà tí kò ṣeé ṣe dáadáa láìsí ẹnìkejì.

Ìdí nìyí tí mo fi ń béèrè púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe àtúnṣe lónìí. Àwọn géèmù àtijọ́ tí gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lójú kan ṣoṣo ti ń padà wá. Lọ́dún 2007, Toru Iwatani, tó ṣe Pac-Man lọ́dún 1980, tún un ṣe ní Championship Edition: ojú kan náà, àmọ́ ìṣẹ́jú márùn-ún péré lo ní, ọ̀nà inú rẹ̀ sì pín sí apá méjì, tó fi jẹ́ pé bí o bá jẹ apá kan tán, èso á yọ ní apá kejì, ọ̀nà á sì yí padà. Donkey Kong ti Game Boy lọ́dún 1994 kó ìpele mẹ́rin ti géèmù àkọ́kọ́ síwájú, lẹ́yìn náà ló wá fẹ̀ ẹ́ títí dé ìpele 101. Iṣẹ́ tó dáńtọ́ ni méjèèjì. Ẹnì kan lè wá bi mí pé ṣebí ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe wọn, kí ló dé tí mo fi ń rin kinkin mọ́ ẹni méjì? Pac-Man ti ọdún 1980 kì í ṣe eré àjọṣe. Ìsáré àti ìpinnu ojú ẹsẹ̀ ni ọkàn rẹ̀, Iwatani sì dá ìyẹn sí. Ọkàn Battle City ni ìṣọ́ àjùmọ̀ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fẹ́ràn láti tún un kọ, torí òfin rẹ̀ kò pọ̀, ilẹ̀ ìjà rẹ̀ kò sì ju ìlà 13 lọ́nà 13 lọ. Bí wọ́n bá wá yọ páàdì kejì kúrò nítorí pé fóònù lọ́wọ́ kálukú ti tó, iṣẹ́ ọdún 1980 ni wọ́n padà sí láìmọ̀, iṣẹ́ tí àwọn tó ṣe é fúnra wọn ti kọjá rẹ̀. Wọ́n lè ní fóònù ló wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ, kí ni ká ṣe? Fóònù kan náà ṣeé so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, páàdì méjì sì ṣeé so mọ́ fóònù. Ohun tí wọ́n tilẹ̀ lè ṣe tí Namco kò lè ṣe lọ́dún 1985 ni kí wọ́n tọ́jú ilẹ̀ ìjà tí ọmọ kan tẹ́, kí NEPA má lè pa á rẹ́, kí ọmọ tó wà ní Rigasa, níhà kan odò Kàdúná, lè fi ránṣẹ́ sí ti Sabon Tasha ní òdìkejì rẹ̀.

Ẹ̀rù òfin kò sì yẹ kó dá wọn dúró. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ tuntun ti Nàìjíríà, Copyright Act 2022, tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023, sọ pé èrò, ìlànà àti ọ̀nà tí a ń gbà ṣe nǹkan kò sí lára ohun tí ẹnì kan lè gbà ní tirẹ̀ nìkan. Pé ọkọ̀ méjì ń ṣọ́ ibùdó kan lọ́wọ́ ogún ọ̀tá, èrò ni. Àwòrán idì yẹn, ohùn orin rẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀, ti onílé ni. Ẹni tó bá fi àwòrán tirẹ̀ sí i, tó kọ ètò tirẹ̀, tó fún un lórúkọ mìíràn, tó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀dọ̀ Namco ni òun ti kọ́ eré náà, yóò ti san díẹ̀ nínú gbèsè tí àwọn aṣàdàkọ jẹ, yóò sì lè fi orúkọ ara rẹ̀ tà á ní gbangba ní Kàdúná.