Ibà Àlejò, Ìgbàgbọ́ Onílé: Ọ̀rọ̀ Kínínì Nínú Ìtàn Ìjọ Wa

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí máa ń wá sí wa lọ́kàn nígbàkúùgbà tí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn ìsọjí ilẹ̀ Yorùbá, tí a sì dé orí ọ̀rọ̀ kínínì. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbọ́ ọ: ìgbàgbọ́ òyìnbó kéré, ìgbàgbọ́ àwọn bàbá wa tóbi. A fẹ́ tún un gbé yẹ̀ wò, nítorí ó dà bí ẹni pé onílé náà ní ohun tí kò rí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún ibi tí àwọn bàbá wa ti ń bọ̀. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà ń pa ènìyàn, tí egbòogi kò sì ràn án, ẹgbẹ́ àdúrà kan dìde ní Ìjẹ̀bú-Òde. J. B. Sadare àti Sophia Odunlami wà lára wọn. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì jẹ́rìí sí ìwòsàn. Ìwé àwọn Faith Tabernacle láti Philadelphia, tí wọ́n bá pàdé lẹ́yìn náà, tún fi ìdí ẹ̀kọ́ náà múlẹ̀. Nígbà tí ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà, ní oṣù Keje 1930, ìwòsàn láìlo oògùn ti di òpó ìgbàgbọ́.

Inúnibíni tó tẹ̀lé ìsọjí náà wà lára ohun tó mú kí wọ́n ké sí Ìjọ Àpọ́sítélì ti Bìrìtìkó. Àwọn aṣojú mẹ́ta dé ní 1931. Ní 1932, George Perfect àti Idris Vaughan wá láti máa gbé pẹ̀lú wa.

Kí ni àlejò bá nílé wa? Ooru, òjò, oúnjẹ tí kò mọ̀, àti ẹ̀fọn. Láti 1897 ni Ronald Ross ti fi hàn ní Íńdíà pé ẹ̀fọn ló ń gbé kòkòrò ibà kiri. Ọmọ tí a bí síbí ti ń ṣe ibà láti kékeré. Èyí tó bá yè é, ara rẹ̀ kọ́ bí a ti í bá a jà, débi pé ibà lè má dá a dùbúlẹ̀ pẹ́ mọ́ bó bá dàgbà. Ara ẹni tó ti ilẹ̀ òtútù wá kò kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Samuel Ajayi Crowther fojú rí i. Ó wà nínú ìrìn àjò orí odò Ọya ní 1841, nígbà tí òyìnbó tó kú lé ní 40. Ó tún wà nínú ti 1854, nígbà tí Dókítà Baikie ń fún wọn ní kínínì lójoojúmọ́, tí ibà kò sì pa ẹnì kan nínú wọn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó hàn sí àwọn aṣáájú wa pé àwọn míṣọ́nnárì ń lo kínínì, ìjà dé. Lójú Babalọlá, D. O. Odubanjo àti I. B. Akinyele, ẹni tó ń wàásù ìwòsàn kò gbọdọ̀ fi oògùn pamọ́ sí yàrá. Òótọ́ ni pé kì í ṣe kínínì nìkan ló fa ìjà náà. Ta ni yóò máa darí ìjọ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìjọ pín sí méjì, a sì forúkọ Christ Apostolic Church sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1943.

A kò sọ pé ìgbàgbọ́ àwọn bàbá wa jẹ́ àṣìṣe. Ohun tí a ń sọ ni pé agbára tí Ọlọ́run ti fi sínú ara onílé láti kékeré wà lára ohun tí onílé ń pè ní ìgbàgbọ́, ó sì fi í wọn àlejò. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn ọmọdé tí kò yè é, tí a sin, tí a sì pè ní àbíkú. Pọ́ọ̀lù, tí Ọlọ́run lò fún ìwòsàn, fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn, kò sì pè é ní aláìgbàgbọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí. Àwọn ọmọ wa tó ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ń wálé ṣe Kérésìmesì. Wọ́n rò pé onílé ni àwọn, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti pẹ́ níbi tí kò sí ibà, ara rẹ̀ a máa gbàgbé ẹ̀kọ́ àtijọ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún kò tilẹ̀ kọ́ ọ rí. Wọ́n ti di àlejò nílé bàbá wọn. Bí irú wọn bá wá sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ara gbígbóná, ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí a gbé ọwọ́ lé wọn lórí, kí a gbàdúrà kíkankíkan, kí a sì mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ibà àlejò kì í dúró de ọ̀la.