Igi tí ewùrà, úgwú àti amúnútutù máa gùn lẹ́yìnkùlé

Kò dìgbà téèyàn bá ní oko ńlá kó tó rí ewùrà tó máa fi se ìkọ́kọrẹ́ nílùú Ìjẹ̀bú-Òde. Ilẹ̀ kékeré lẹ́yìnkùlé tó o, tí ìtàkùn bá ṣáà ti rí nǹkan gùn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ wàdùwàdù á wó nígbà tí ìjì bá dé, ìtàkùn á já, ewé á sì máa fà lórí ilẹ̀ tútù. Ewùrà ò gba irú ìyà yẹn. Àrùn kan wà tó máa ń sọ ewé rẹ̀ di dúdú bíi pé iná jó o. Òjò tó ń ta sára ewé ló ń gbé e kiri, ibi tí ewé ti há mọ́ra tí kì í tètè gbẹ ló sì ti ń gbilẹ̀.

Kí wọ́n tó wá igi, ó yẹ kí wọ́n mọ bí ohun tí wọ́n gbìn ṣe ń gùn. Ewùrà àti amúnútutù máa ń fi ara wọn wé nǹkan ni, ọ̀pá lásán sì tó wọn. Úgwú ò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tín-ín-rín kan tó ń lọ́ ló fi ń di nǹkan mú, ọwọ́ yẹn ò sì lè ká ọparun ńlá. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní úgwú àwọn ò fẹ́ gùn, bẹ́ẹ̀ igi tí wọ́n fún un ló tóbi jù.

Ọparun 2 tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8 ni wọ́n á kọ́kọ́ wá. Wọ́n á rì wọ́n wọlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2, kí àárín wọn tó ẹsẹ̀ bàtà 5, wọ́n á wá fi òmíràn dábùú lókè. Okùn ọ̀rá tàbí wáyà tí àwọn bíríkìlà fi ń so irin ni kí wọ́n fi dè é. Ìṣó máa ń la ọparun ni. Láti orí ìdábùú yẹn ni wọ́n á ti sọ okùn kalẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 1 síra wọn, wọ́n á so ó mọ́ èèkàn nísàlẹ̀. Okùn yìí bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu. Tí wọ́n bá máa jẹ́ kí úgwú so, kí wọ́n fi ọ̀pá ti igi náà lẹ́yìn, torí èso kan ṣoṣo lè tó kílò 5.

Ikán ni ọ̀tá ọparun. Àwọn kan máa ń fi iná jó ìdí tó máa wọlẹ̀ títí á fi dúdú, ìyẹn sì máa ń jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀. Igi tó ń hù tún dáa ju ìyẹn lọ: ẹ̀ka tútù àgúnmánìyè, tàbí akòko tí wọ́n ń fi ewé rẹ̀ joyè, máa ń ta gbòǹgbò tí wọ́n bá rì í lásìkò òjò. Àmọ́ kí wọ́n máa gé ẹ̀ka rẹ̀ kó má bàa ṣíji bo ewùrà. Ewé àgúnmánìyè tí wọ́n gé, kí wọ́n kó o sídìí ebè, ajílẹ̀ gidi ni.

Kí ìtàkùn tó máa wá ohun tó máa dì mú ni kí igi ti wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ń rì í nígbà tí iṣu ti ń ta lè fi gún un lábẹ́ ilẹ̀. Ewùrà àti èsúrú kì í sì í wé sí apá kan náà, torí náà tí ẹ bá fẹ́ tọ́ ìtàkùn sọ́nà, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó kọrí sí. Èyí tí wọ́n bá wé sódì máa ń tú ara rẹ̀ ni.