Ìtàn Bí Ìmọ́lẹ̀ Ṣe Di Ohun Èlò fún Mímọ Ìsopọ̀ Okùn DNA

Ìfáàrà

Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣe àgbéyẹ̀wò bí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣe dé orí lílo ìmọ́lẹ̀ láti mọ̀ bóyá okùn DNA kan ti rí èkejì rẹ̀. Èrò wa ni pé òfin ìsopọ̀ kan náà ni ó wà nídìí gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí. Ohun tí ń jẹ́rìí sí ìsopọ̀ náà ni ó ń yí padà.

Ìpìlẹ̀

Ní ọdún 1953, James Watson àti Francis Crick ṣàlàyé pé okùn méjì tí ó lọ́ mọ́ra ni DNA, tí A ń bá T so, tí G sì ń bá C so. Àwòrán X-ray tí Rosalind Franklin àti Raymond Gosling yà wà lára ẹ̀rí tí èyí dúró lé. Ní 1960, Julius Marmur àti Paul Doty pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé okùn tí ooru ti tú lè padà so bí ó bá tutù díẹ̀díẹ̀.

Láti orí ìtànṣán olóró dé orí ìmọ́lẹ̀

Ọ̀nà tí Edwin Southern gbé jáde ní 1975 lo okùn tí a fi èròjà ìtànṣán olóró sàmì sí. Ọ̀nà yìí ni Yuet Wai Kan àti Andrée Dozy lò ní 1978 láti ṣàyẹ̀wò àrùn fòníkúfọ̀ladìde lára ọmọ inú oyún. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí àrùn náà wọ́pọ̀ láàárín wa. Ṣùgbọ́n ìtànṣán olóró gba ìṣọ́ra, ó sì gba sùúrù kí àmì tó hàn lórí fíìmù.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Láti 1961 ni Leonard Lerman ti ṣàlàyé pé èròjà aró kéékèèké lè wọ àárín àwọn ìsopọ̀ DNA. Ní 1993, Robert Pasternack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí èròjà porphyrin bá tò jọ sára DNA, ó ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká gidigidi. Lẹ́yìn náà, ní 1996 àti 1997, ẹgbẹ́ Chad Mirkin àti Robert Letsinger so okùn DNA kúkúrú mọ́ wóró wúrà tí ojú kò lè rí. Bí okùn tí wọ́n ń wá bá so àwọn wóró náà pọ̀, wọn a ṣù jọ, àwọ̀ omi náà a sì kúrò ní pupa bọ́ sí àwọ̀ aró. Ojú lásán tó láti rí i.

Ìgúnlẹ̀

Ó yẹ kí olùkọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé òfin A àti T, G àti C kì í ṣe àkọ́sórí lásán. Lórí rẹ̀ ni àyẹ̀wò tí ó lè la òbí lójú kí ọmọ tó wáyé dúró lé.