Ta Ló Ka Ìwé Náà fún Wọn? Òfin àti Àdéhùn Aláìdọ́gba ní Port Harcourt

Àdéhùn aláìdọ́gba ló bí ìlú Port Harcourt. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ àwọn ará Diobu, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà Ikwerre, nípasẹ̀ ìwé tí àwọn òpìtàn ń pè ní Àdéhùn Hargrove. Orí ilẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ èbúté sí láti máa kó èédú Enugu jáde. Ọ̀kan nínú àwọn tó dúnàádúrà ní ìjọba àti ọmọ ogun lẹ́yìn. Èkejì ní oko àti àwọn àgbà ìlú. Títí di àwọn ọdún 1950 ni ẹjọ́ ìwé yìí ṣì wà ní kóòtù.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìwé yẹn, ní 1915, Nàìjíríà ní Òfin Ìdáàbòbò Aláìmọ̀wé. Ìpínlẹ̀ Rivers, tí Port Harcourt wà, jogún rẹ̀ lára Agbègbè Ìlà-Oòrùn nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní 1967. Ohun tí òfin náà béèrè kò pọ̀: ẹni tó bá bá aláìmọ̀wé kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i. Bó bá ti kọ ọ́, ó ti jẹ́rìí nìyẹn pé iṣẹ́ tí wọ́n rán òun ni òun jẹ́, àti pé wọ́n ka ìwé náà, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ fún ẹni náà kí ó tó tẹ̀ka. Ẹ wo ìsàlẹ̀ irú ìwé ilẹ̀ bẹ́ẹ̀: yíǹkì àtàǹpàkò ní igun kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìlà kan tó sọ pé wọ́n túmọ̀ ìwé náà sí Ikwerre fún un, ó sì jọ pé ó yé e yékéyéké, lábẹ́ rẹ̀, orúkọ ògbufọ̀. Nínú ẹjọ́ UAC àti Edems ní 1958, ilé ẹjọ́ là á mọ́lẹ̀ pé kí wọ́n má baà rẹ́ aláìmọ̀wé jẹ ni òfin yìí fi wà, dandan sì ni fún akọ̀wé láti tẹ̀ lé e. Akọ̀wé tó bá kọ etí ikún sí i kò lè fi ìwé náà mú aláìmọ̀wé. Lójú tèmi, òun ló gbọ́n jù nínú gbogbo òfin tí a ó mẹ́nu bà, nítorí ọrùn ẹni tó mọ̀wé ló gbé ẹrù lé.

Òfin tí a gbà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà máa ń fagi lé àdéhùn tí ẹnìkan bá fi ipò rẹ̀ mú ẹnìkejì ṣe. Ní 1974, Adájọ́ Denning gbìyànjú láti sọ ọ́ di ìlànà kan ṣoṣo nínú ẹjọ́ Lloyds Bank àti Bundy, àgbẹ̀ arúgbó tó fi ilé rẹ̀ dúró fún gbèsè iléeṣẹ́ ọmọ rẹ̀. Ní 1985, nínú ẹjọ́ NatWest àti Morgan, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní iṣẹ́ aṣòfin nìyẹn.

Àwọn aṣòfin tiwa ti ṣe é. Òfin ìdíje ọjà àti ìdáàbòbò oníbàárà (FCCPA), tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kìíní 2019, ka gbólóhùn àdéhùn tó bá rẹ́ oníbàárà jẹ léèwọ̀ ní abala 127. Àmọ́ oníbàárà nìkan ni abala yẹn mọ̀. Apẹja tí epo rọ̀bì bo odò rẹ̀ kò ra nǹkan kan lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó wá bá a dúnàádúrà owó gbà-má-bínú.

Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló sì pọ̀ ní Rivers. Ní 2008, ọ̀pá epo Shell bẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ní Bodo, ní Gokana, ilẹ̀ Ogoni. Epo ṣàn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹja kú, ìṣáwùrú kú, igi etí odò gbẹ. Iye tí iléeṣẹ́ náà kọ́kọ́ ní ó dà nù kò ju nǹkan bí 4,000 àgbá lọ. Ní 2014 ni wọ́n tó gbà pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2009, 50 àpò ìrẹsì, 50 àpò ẹ̀wà àti 50 àpò gàárì wà lára ohun tí wọ́n kó wá fún ìlú. Nígbà tó yá, wọ́n fi £4,000 lọ̀ wọ́n. Ará ìlú kọ̀, wọ́n gba iléeṣẹ́ agbẹjọ́rò Leigh Day, wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sí London. Ní oṣù Kìíní 2015, Shell gbà láti san £55 mílíọ̀nù: £35 mílíọ̀nù fún 15,600 ènìyàn, £20 mílíọ̀nù fún ìlú. Epo kan náà ni, odò kan náà ni, àwọn ènìyàn kan náà ni. Kí ló wá sọ £4,000 di £55 mílíọ̀nù? Ẹni tó lè ka ìwé, tó lè wọn epo, tí kì í sì í gbowó oṣù lọ́wọ́ iléeṣẹ́ náà, ti jókòó ti ará Bodo.

Ìlú mélòó ló lè dé London? Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ààbò yìí ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ka: kí ará ìlú fúnra wọn yan ògbufọ̀ àti agbẹjọ́rò, kí iléeṣẹ́ sanwó wọn, kí ìwé náà sì sùn nílé ẹni tí yóò fọwọ́ sí i fún ọjọ́ mélòó kan. Inú Òfin Aláìmọ̀wé ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Rivers lè kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣọ́ra. Nínú ẹjọ́ Benjamin àti Kalio, tó ti Rivers yìí kan náà wá, Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ ní 2017 pé òfin ìpínlẹ̀ kò lè ní kí kóòtù má wo ìwé ilẹ̀ tí wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ìjọba àpapọ̀ ló ni òfin ẹ̀rí. Nítorí náà, kí wọ́n má kọ ọ́ pé kóòtù kò gbọ́dọ̀ wo ìwé náà. Kí wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tó bá kọ ìwé náà láìṣe gbogbo èyí kò ní lè fi í gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ka sí i.