A Kì í Dá Ẹsẹ̀ Aṣiwèrè Mọ̀ Lójú Ọ̀nà: Àlàyé Lórí Bí A Ṣe Ń Pín Àìsàn Ọpọlọ Sí Ìsọ̀rí

Àwọn baba wa a máa wí pé, "Orí burúkú kì í wú túúlú, a kì í dá ẹsẹ̀ aṣiwèrè mọ̀ lójú ọ̀nà." Ohun tí òwe náà ń sọ kò ṣòro: ẹni tí ìpín rẹ̀ kò sunwọ̀n kò ru kókó lórí tí a lè fi ọwọ́ kàn, bẹ́ẹ̀ ni ipasẹ̀ wèrè nínú yẹ̀pẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọlọ́gbọ́n. Àyànmọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi í sọ, wọn a sì dúró síbẹ̀; ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kejì ni ó gbà mí lọ́kàn, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìṣòro tí ó ń dojú kọ àwọn oníṣègùn ọpọlọ lójoojúmọ́ fara pamọ́ sí. Bí ibà bá mú ènìyàn, a ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a ó sì rí kòkòrò tí ń bẹ nínú rẹ̀, bí egungun bá ṣẹ́, àwòrán yóò fi ibi tí ó gbé ṣẹ́ hàn, ṣùgbọ́n títí di òní olónìí, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ìtọ̀, kò sí àwòrán inú agbárí tí dókítà lè gbé sókè kí ó wí pé, "Ẹ wò ó, ìdoríkodò nìyí," tàbí pé, "Schizophrenia ni ó ń ṣe ọmọ yín." Ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn, ìwà tí ojú rí, ẹ̀rí àwọn ará ilé, àti iye ọjọ́ tí ọ̀ràn náà ti wà nílẹ̀, àwọn ni irinṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Port Harcourt tí a wà yìí, ìlú èbúté tí a tẹ̀ dó ní nǹkan bí ọdún 1913 kí èédú Údì lè rí ọ̀nà dé òkun, bí ènìyàn bá dárúkọ Rumuigbo, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tí ó wà níbẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ẹni tí ó gbọ́, gẹ́gẹ́ bí Yábàá ti rí fún ará Èkó, tí Aró sì rí fún Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí. Wọ́n ń fi orúkọ àdúgbò náà bú ara wọn nínú ọkọ̀ àti lọ́jà, ó sì ń dùn mí, nítorí pé wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Èrò àwọn ènìyàn ni pé àìsàn kan ṣoṣo ni ó wà nínú ọgbà bẹ́ẹ̀, pé ẹni tí ó bá wọlé síbẹ̀, wèrè ni, ó parí. A kò lè dá wọn lẹ́bi tán, nítorí pé òfin ìlú pàápàá kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba òyìnbó ṣí ilé àwọn wèrè sí Calabar ní 1904 àti sí Yábàá ní 1907, tí wọ́n sì ṣe òfin wọn ní 1916, tí a tún kọ ọ́ sínú ìwé òfin ní 1958, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbá gbogbo wọn jọ, ẹni tí a bí ní dìndìnrìn àti ẹni tí orí rẹ̀ dàrú lánàá. Ohun tí òfin ń fẹ́ mọ̀ kò ju pé kí a tì í mọ́lé tàbí kí a fi í sílẹ̀, adájọ́ ni ó sì ń fi ọwọ́ sí i. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni ààrẹ tó buwọ́ lu òfin titun tí ó rọ́pò rẹ̀. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀, ìpín tí a ń pín àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ìpín oníkọ́kọ́rọ́ ni, kì í ṣe ìpín oníṣègùn.

Ìyàtọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a fi ara balẹ̀ wò, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, gbogbo àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí yóò máa dà bí ariwo létí rẹ̀. Òun ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìbéèrè méjì: "Kí ni èyí?" àti "Kí ló fà á?" Ẹni tí ó bá dáhùn ọ̀kan kò tíì dáhùn èkejì. Nígbà tí dókítà bá wí fún ìyá kan pé schizophrenia ni ó ń ṣe ọmọ rẹ̀, ìyá a máa rò pé wọ́n ti sọ ohun tí ó fa àìsàn náà fún òun, yóò sì máa bi ara rẹ̀ pé bóyá òun ni òun bí i báyìí, bóyá igbó tí ó fà ni, bóyá orogún òun ni. Dókítà kò sọ ọ̀kan nínú wọn. Ohun tí ó sọ ni pé àwọn àmì tí òun rí, ohùn tí ọmọ náà ń gbọ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, ìgbàgbọ́ tí ó dì mú pé ẹ̀rọ rédíò ń ka èrò ọkàn rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí kò so mọ́ra, bá àwọn àmì tí a ti rí lára ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé mu, àti pé àwọn tí ó ní irú rẹ̀ máa ń rí ìrànlọ́wọ́ láti inú irú oògùn báyìí.

Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ìdí nìkan ni Yorùbá fi ń pín wèrè, pé a ní wèrè àmútọ̀runwá, wèrè ìran, àti wèrè àfiṣe, ó sì tán. Òtítọ́ ni pé a ní wọn, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Aró ní ìparí àwọn ọdún 1950, tọ àwọn babaláwo àti oníṣègùn wa lọ, ó sì rí i pé wọ́n ní ètò mìíràn tí kò bá ìdí lọ rárá. Asínwín ni ẹni tí tirẹ̀ dé lójijì pẹ̀lú ipá àti ìjàgídíjàgan; dìndìnrìn ni ẹni tí ó dákẹ́ tí ọpọlọ rẹ̀ kò jí pépé; wèrè aláṣọ ni ẹni tí ó ṣì ń wọṣọ tí ó ń jáde láàrin wa, tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn nìkan ni ó mọ̀; abisínwín sì ni obìnrin tí orí rẹ̀ dàrú lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ wo ìkẹyìn yìí dáadáa. Kò sọ ẹni tí ó ṣe é, kò sọ ohun tí ó fà á. Ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ni ó sọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ìwé tí àwọn oníṣègùn ayé òde òní fi ń pín àìsàn sí ìsọ̀rí ń ṣe: ìwé Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 1992 fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ, ti àwọn ará Amẹ́ríkà ti 2013 fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó sì fi ìgbà oyún kún un. Àwọn ìyá wa àgbà kò ka ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ó yẹ kí ó ní orúkọ tirẹ̀.

Ní Yúróòpù náà, ọjọ́ pẹ́ kí wọ́n tó ya ìbéèrè méjèèjì sọ́tọ̀. Emil Kraepelin, ará Jámánì, ni ó tẹnu mọ́ ọn gidigidi pé kí a má ṣe fi àmì ọjọ́ kan ṣoṣo pín aláìsàn. Ó ń kọ ìtàn olúkúlùkù sórí páálí, ó ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí ó sì di 1899, ó pín àwọn àìsàn ńlá sí méjì: èyí tí ń ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìpadà, àti èyí tí ń gbé ènìyàn sókè tí ń sọ ọ́ kalẹ̀, tí ó sì ń san láàrin ìgbà kan àti òmíràn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn kan tún padà sórí ìdí, tí àwọn ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà ti 1952 àti 1968 sì kún fún àbá lórí ìjà inú ọkàn. Ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni ìtìjú: nígbà tí àwọn olùwádìí fi àwọn dókítà London àti ti New York wéra, wọ́n rí i pé àwọn ti New York ń pe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní oní-schizophrenia, tí àwọn ti London ìbá pè ní orúkọ mìíràn. Aláìsàn kan náà kọjá òkun, àìsàn rẹ̀ yí padà! Èyí ni ó mú kí Robert Spitzer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà ti 1980 jáde, èyí tí ó fi ìdí sí apá kan, tí ó ní kí a ka àmì, kí a sì ka ọjọ́. Mo gbà pé ọgbọ́n ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó ní ààlà ni, nítorí pé ìwé tiwọn ń béèrè oṣù mẹ́fà kí a tó pe àìsàn ní schizophrenia, bẹ́ẹ̀ ni oṣù kan ti tó fún ìwé Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí wí pé asán ni gbogbo rẹ̀. Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, wà lára ìlú mẹ́sàn-án tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣe ìwádìí ńlá ní ìparí àwọn ọdún 1960, pẹ̀lú Aarhus, Agra, Cali, London, Moscow, Prague, Taipei àti Washington. Ènìyàn 1,202 ni wọ́n yẹ̀ wò, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì túmọ̀ sí èdè olúkúlùkù. Wọ́n rí àwọn àmì kan náà níbi gbogbo, ṣùgbọ́n Moscow àti Washington ń na orúkọ schizophrenia gbòòrò ju àwọn yòókù lọ. Ohun tí ó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu ni pé nígbà tí wọ́n padà lọ wò wọ́n lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn ti Ìbàdàn àti Agra sàn ju àwọn ti ìlú ọlọ́rọ̀ lọ. Jane Murphy, tí ó ti ṣe ìwádìí láàrin àwọn Yorùbá, kọ ọ́ ní 1976 pé ohun tí àwa ń pè ní wèrè àti ohun tí àwọn Eskimo ń pè ní orúkọ tiwọn jọra gidigidi, ó sì fi bẹ́ẹ̀ dá àwọn tí ń wí pé àwùjọ ni ó kàn ń fi orúkọ búburú lẹ ẹni tí kò bá fẹ́ràn lóhùn.

Ibi tí àṣìṣe ti pọ̀ jù ni àwọn àìsàn tí kì í mú ènìyàn bọ́ṣọ sílẹ̀. Ní 1953, J. C. Carothers, dókítà òyìnbó tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Kenya, kọ ìwé kan fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó sì sọ níbẹ̀ pé ìdoríkodò ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn ènìyàn dúdú. Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, ẹni tí ó sọ àwọn abúlé ẹ̀bá Aró di ibi ìtọ́jú láti 1954, kò gbà bẹ́ẹ̀. Òun àti Alexander Leighton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ bá àwọn ará abúlé Ẹ̀gbá nílé, ìwé wọn ti 1963 sì fi hàn pé àmì ìdoríkodò wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Kí ló dé tí Carothers kò rí i? Ó ń dúró de ẹni tí yóò wá wí pé, "Inú mi bàjẹ́." Tiwa, orí ni a máa ń mú wá. Roger Mákanjúọlá yẹ àwọn tí ń kérora ọdẹ orí wò, ó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1987: ohun tí ń rìn lágbárí, ariwo nínú etí, àìrí oorun sùn, àyà jíjá; ìdoríkodò àti àníyàn ni ó sì wà nídìí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Bí a bá sì kúrò nílẹ̀ Yorùbá wá sí ìhà ìlà-oòrùn yìí, ẹjọ́ kan náà ni: Peter Ebigbo ní Enugu kó irú ìkérora bẹ́ẹ̀ jọ ní 1982, ooru inú orí àti ohun tí ń rìn nínú ara, ó sì sọ ọ́ di ìbéèrè tí a lè fi yẹ ènìyàn wò.

Ọ̀rọ̀ "brain fag" yẹ kí a tún ṣe níhìn-ín. Prince yìí kan náà ni ó kọ ọ́ ní 1960 pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní àìsàn kan tí kì í jẹ́ kí ìwé wọ̀ wọ́n lórí, ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà ti 1994 sì gbé e sínú àwọn àìsàn ilẹ̀ òkèèrè. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti gbà pé àìsàn ọmọ Áfíríkà ni. Rárá o. Àwọn òyìnbó Bìrìtìkó ti ń lo ọ̀rọ̀ náà fún àwọn ọ̀mọ̀wé tiwọn tí ó rẹ̀ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn ni wọ́n gbé e wá, tí wọ́n gbàgbé rẹ̀, tí wọ́n sì wá bá a lọ́wọ́ wa. Ìwé 2013 ti yọ ọ́ kúrò.

Nítorí náà, ẹ ro iṣẹ́ tí ó wà níwájú dókítà ní Port Harcourt, níbi tí Ikwerre, Kalabari, Okrika, Ogoni, Igbo àti Yorùbá ti ń pàdé, tí ó jẹ́ pé píjìn ni púpọ̀ nínú wọn fi ń ròyìn ara wọn. Yorùbá tí ó ní ọdẹ orí yóò sọ fún un ní píjìn pé orí òun gbóná, dókítà tí kò bá fara balẹ̀ yóò sì kọ oògùn ibà fún un, wọn a sì máa pààrọ̀ oògùn ibà títí ọdún yóò fi yípo. Ní òdìkejì, ó ní láti kọ́kọ́ wá ohun tí ń bẹ nínú ara ní tòótọ́, nítorí pé ibà tí ó wọ ọpọlọ, ibà inú ìfun tí a ń pè ní táífọ́ọ̀dù, kòkòrò HIV, ṣúgà tí ó lọ sílẹ̀, àti egbòogi olóró lè mú ènìyàn máa sọ kántankàntan. Ní 1913 ni Noguchi àti Moore rí kòkòrò àrùn tí a ń pè ní sífílíìsì nínú ọpọlọ àwọn tí wọ́n ti kú sílé wèrè, láti ọjọ́ náà ni irú wèrè yẹn sì ti kúrò lọ́wọ́ oníṣègùn ọpọlọ díẹ̀díẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ń wo àrùn kòkòrò. Wárápá náà ti kúrò lára àwọn àìsàn oníṣègùn ọpọlọ. Kì í ṣe wèrè, itọ́ rẹ̀ kì í sì í ran ẹnikẹ́ni.

Èyí ni ó mú wa padà sójú ọ̀nà tí òwe wa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni a kò dá mọ̀. Ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ náà láti àárọ̀ di alẹ́, gẹ́gẹ́ bí Kraepelin ti ṣe, yóò rí ibi tí ó ti yà kúrò lọ́nà. Ìdí nìyí tí orúkọ tí a kọ sórí fáìlì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ fi lè yí padà lọ́dún tí ń bọ̀, láìjẹ́ pé dókítà àkọ́kọ́ purọ́.

Kò sì sí ibi tí kíka ọjọ́ ti le tó lórí ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀. Ìwé 1980 ti àwọn ará Amẹ́ríkà ní kí a má tètè ka ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ mọ́ onídoríkodò. Ìwé 2013 yọ ààbò yẹn kúrò, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ti tó, bí àmì márùn-ún nínú mẹ́sàn-án bá pé. Èmi kò fara mọ́ ọn. Opó tí ó wà nínú ilé fún ogójì ọjọ́, tí kò jẹun dáadáa, tí kò sùn, tí ó ń wí pé òun ìbá ti bá ọkọ òun lọ, ohun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ní kí ó ṣe ni ó ń ṣe. Mùsùlùmí yóò tilẹ̀ ṣe oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ìwé Àjọ Ìlera Àgbáyé tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019 gbọ́n jù ú lọ níbi èyí, nítorí pé ó ní kí a má pe ọ̀fọ̀ ní àìsàn àfi bí ó bá ti ju oṣù mẹ́fà lọ, tí ó sì ti kọjá ohun tí àṣà àti ẹ̀sìn ẹni náà kà sí ohun tí ó tọ́. Nígbà tí ó bá di ibẹ̀, ìdáhùn kò sí nínú ìwé kankan mọ́. Dókítà ní Rumuigbo ní láti yíjú sí ìyá àgbà tí ó mú opó náà wá, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ nílé tiwọn, ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń ṣe é, àti ọjọ́ wo ni òun fúnra rẹ̀ wo aya ọmọ òun tí ó mọ̀ pé èyí ti kúrò ní ọ̀fọ̀.